ÀJỌ ÌMỌ́LẸ̀: BÍ WỌ́N ṢE Ń YA FỌ́TÒ ÌRÀWỌ̀ TÓ Ń KÚ LỌ

Lọ́sẹ̀ yìí, ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ jáde lóru, ní nǹkan bí aago méjì, tí ẹ wá rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú pápá lẹ́yìn ilé yín ní Ifo. Páìpù gbàgìdì kan tó ga ju ènìyàn lọ wà níwájú rẹ̀, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí òkè. Tọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń tan iná pupa ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, sánmà ló kàn ń wò. Kí lẹ máa ṣe?

Ẹ má dá mi lóhùn, mo mọ̀ ọ́n. Ariwo olè lẹ máa kọ́kọ́ pa. Ẹnì kan á ní gbọ́mọgbọ́mọ ni. Ẹlòmíràn á ní oògùn owó ló ń ṣe. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti lè fi táyà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó lè jẹ́ pé fọ́tò lásán ni ọmọ náà ń yà. Fọ́tò kí ni? Fọ́tò ìràwọ̀ tó ń kú lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Káàkiri ayé, àwọn tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń jẹun, ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú àgbàlá ilé wọn lóru. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀, ẹ ti ń lò ó nínú ọjà àti nínú ṣọ́ọ̀bù yín láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹni tó bá sì mọ bí nǹkan ṣe rí kò ní fi ìbẹ̀rù ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

KÍ LÓ Ń PA ÌRÀWỌ̀?

Oòrùn tó ń gbẹ aṣọ yín yìí, ìràwọ̀ ni. Torí pé ó súnmọ́ wa ló ṣe tóbi lójú. Gbogbo ìràwọ̀ ló ní ohun tó ń jó nínú rẹ̀, bí sítóòfù ṣe ń jó kẹrosíìnì. Oòrùn tiwa ṣì ní èyí tó máa lò fún nǹkan bíi 5,000,000,000 ọdún, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa sá aṣọ yín.

Bí epo inú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń tán, kì í kú pìrì bí iná tí "wọ́n ti mú lọ". Á kọ́kọ́ wú, á di pupa. Lẹ́yìn náà á máa bọ́ ara sílẹ̀, ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, bí ìgbà tí ẹ bá ń bó àlùbọ́sà. Ohun tó máa ṣẹ́kù láàárín ni egungun ìràwọ̀ náà. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ayé wa yìí lọ ní títóbi, ṣùgbọ́n ó gbóná kọjá àfẹnusọ. Ooru egungun yìí ló ń mú kí gáàsì tó ti tú jáde máa tàn yòò, aláwọ̀ ewé àti pupa. Ìtànná náà kì í pẹ́. Bíi 10,000 sí 20,000 ọdún ni, ó parí. Fún ìràwọ̀ tó ti gbé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún láyé, ìṣẹ́jú mélòó kan péré nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ti kà nínú agboolé ìràwọ̀ tiwa lé ní 3,000.

Òyìnbó ń pe irú ohun yìí ní planetary nebula. Ẹ jẹ́ kí àwa pè é ní kùrukùru ìràwọ̀. Orúkọ òyìnbó yẹn gan-an, àṣìpè ni. William Herschel, olórin kan tó ti Jámánì lọ gbé ní England, ló fún un lórúkọ yẹn ní nǹkan bí ọdún 1785. Lójú tirẹ̀, ó rí róbótó bíi Uranus, planẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ rí ní 13 March 1781. Ṣé ẹ rí i pé kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn àgbà wa sọ, pé àgùàlà ń bóṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni? Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù, kùrukùru ìràwọ̀ kì í sì í ṣe planẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ wọn lẹ́nu.

ỌLỌ ATA ÀTI DÍGÍ

Nǹkan yìí jìnnà, ó sì kéré lójú. Nínú àwọn tó kéré, ẹ óò to bíi 100 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó òṣùpá láti etí kan dé èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo tẹlisíkóòpù ńlá, ìyẹn awò gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń fa ohun tó jìnnà wá sí ìtòsí.

Ẹ rántí ìgbà òjò. Bí ẹ bá gbé ìgò kan àti báàfù kan síta, èwo ló máa gba omi jù? Báàfù ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni dígí tó wà nísàlẹ̀ páìpù yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà bí báàfù ṣe ń gba òjò. Ihò dúdú àárín ojú wa, bó ti wù kó là tó lóru, kì í sábà ju mìlímítà 7 lọ. Dígí tó bá fẹ̀ tó íńṣì 20 máa gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ti ojú kan lọ ní ìlọ́po bíi 5,000.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe dígí náà? Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá lo ọlọ ata pẹ́, ṣebí àárín rẹ̀ máa ń jẹ wọnú, tí ọmọ ọlọ á sì máa yọ ikùn? Bí wọ́n ṣe ń ṣe dígí tẹlisíkóòpù gan-an nìyẹn. Gíláàsì nínípọn méjì ni wọ́n máa gbé léra. Wọ́n á da omi àti iyẹ̀ líle tí wọ́n fi ń pọ́n irin sáàárín wọn, wọ́n á máa lọ̀ ọ́ síwá sẹ́yìn, wọ́n á sì máa yí i po. Tòkè á jẹ wọnú díẹ̀díẹ̀, tìsàlẹ̀ á yọ ikùn. Wọ́n á máa pààrọ̀ iyẹ̀ náà sí èyí tó kúnná sí i, títí tí gíláàsì á fi dán. Níkẹyìn, wọ́n á fi fàdákà tàbí alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lójú. Iṣẹ́ sùúrù ni o, nítorí gbágungbàgun tó bá ju ìdá kan nínú 1,000 ìnípọn irun orí lọ ti lè ba àwòrán jẹ́.

Herschel tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dán dígí tirẹ̀, àmọ́ irin ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ìgbà kan wà tó fi wákàtí 16 dán ọ̀kan láìgbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ má sì rò pé ìdí àdògán ni Caroline parí sí. Òun náà kọ́ iṣẹ́ yìí títí ó fi mọ̀ ọ́n dunjú, nígbà tó sì di 1787, ọba England bẹ̀rẹ̀ sí í san pọ́n-ùn 50 fún un lọ́dọọdún nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tó ní obìnrin ò lè ṣe é, ẹ gbọ́ o.

Ẹ̀yin káfíńtà, tiyín ló kàn. Wọ́n bí John Dobson ní Beijing ní 1915. Ní 1944, ó wọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Vedanta ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ àìní kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó wù ú kó rí ojú ọ̀run. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ ojú omi tó ti di àlòkù ló fi ṣe dígí. Páálí róbótó tí àwọn bíríkìlà fi ń da òpó kọ́ńkéré ló fi ṣe páìpù. Pátákó ló fi kan àpótí tó gbé e lé. Nígbà tí wọ́n lé e kúrò nílé ìsìn náà ní 1967, ẹ̀gbẹ́ títì ló gbé awò rẹ̀ lọ, ó ń pe àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n wá wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú ní January 2014, ní ẹni ọdún 98. Títí di òní, àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan tẹlisíkóòpù ńlá fúnra wọn ń tẹ̀lé káàkiri ayé. Mo wá bi yín, káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì alárà ní Ibafo, wẹ́dà tó ń jó géètì ní Mowe, èwo ni kò lè ṣe nínú rẹ̀?

KÁMẸ́RÀ LÓ MỌ ÀJỌ DÁ

Ẹ jẹ́ ká dé orí fọ́tò. Ojú wa dà bí onínàákúnàá. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé báyìí ló ń ná báyìí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú pamọ́. Kámẹ́rà ló mọ àjọ dá. Kùrukùru ìràwọ̀ náà á máa dá ìmọ́lẹ̀ bíńtín fún un, òun á sì máa kó o jọ fún ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ń yà á á tún ya òmíràn, á tún ya òmíràn, ó lè di 100. Kọ̀ǹpútà ló máa wá kó gbogbo rẹ̀ léra, bí ìgbà tí alájọ kó owó odindi oṣù fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí kò hàn rárá nínú fọ́tò kan á wá hàn kedere.

Àmọ́ àjọ yìí ní òfin tirẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò rẹ̀ mọ́ ní ìlọ́po méjì gbọ́dọ̀ yà á ní ìlọ́po mẹ́rin. Tó bá fẹ́ kó mọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìlọ́po 100 ni. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Ìṣòro méjì ló máa bá pàdé. Èkíní, ayé ń yí, nítorí náà ìràwọ̀ dà bí ẹni ń rìn. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, á ti sún tó ìwọ̀n fífẹ̀ òṣùpá kan. Bí awò bá dúró sójú kan, ìràwọ̀ á sá jáde nínú rẹ̀, fọ́tò á fà bí okùn. Mọ́tò kékeré àti eyín jíà ni wọ́n fi ń yí awò náà tẹ̀lé ìràwọ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èkejì ni atẹ́gùn. Ẹ̀yin alákàrà, bí ẹ bá wo oníbàárà tó dúró ní òdìkejì agbada epo gbígbóná, ṣebí ojú rẹ̀ máa ń jó lójú yín? Bí atẹ́gùn ṣe ń mú ìràwọ̀ jó nìyẹn. Ọgbọ́n tí fọtogíráfà ń dá sí ọmọ tí kì í gbé jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń dá sí i. Wọ́n á yà á ní kíá-kíá, tó lè tó 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ṣa ibi tó ti dúró dáadáa, wọ́n á da ìyókù nù.

ASẸ́ TÓ Ń SẸ́ IMỌ́LẸ̀

Ẹnì kan á ní, "Ìwọ akọ̀ròyìn, ṣé pẹ̀lú iná ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, pẹ̀lú gbogbo iná ṣọ́ọ̀bù Mowe yìí, la fẹ́ rí ìràwọ̀?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ohun tó wà lójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwọn kùrukùru kéékèèké yìí yàtọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í ṣe oríṣiríṣi. Àwọ̀ ewé kan àti àwọ̀ pupa kan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gíláàsì kan wà tí wọ́n fi ń bo ojú kámẹ́rà, bí asẹ́ ògì ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Á jẹ́ kí àwọ̀ ewé yẹn kọjá, á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú iná títì dúró bí asẹ́ ṣe ń dá pàǹtí dúró. Ìdí rèé tí ẹni tó ń gbé inú ìlú oníná fi lè ya tirẹ̀, kó sì yọrí.

Àwọ̀ ewé yẹn ní ìtàn. William Huggins jẹ́ ọmọ oníṣòwò aṣọ ní London, ó sì bójú tó ṣọ́ọ̀bù aṣọ ilé wọn kó tó tà á. Ní 29 August 1864, ó kọ awò rẹ̀ sí kùrukùru kan tí wọ́n ń pè ní Ojú Ológbò. Ó fi gíláàsì tó ń tú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ká wò ó, ó sì rí i pé gáàsì ni, kì í ṣe ọ̀wọ́ ìràwọ̀ kéékèèké. Gáàsì wo ló ń tan àwọ̀ ewé? Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí di 1927, nígbà tí Ira Bowen ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ́síjìn ni. Ẹ̀yin wẹ́dà àti panẹ́lì bítà, ọ́síjìn inú sílíńdà yín yẹn náà ni o. Ọmọ aláṣọ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọba.

Ti ayé òde òní náà wà. Ní 2011, Matthias Kronberger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó ń fi ìfẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí láìgbowó, rí kùrukùru tuntun kan tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá. Nínú fọ́tò ojú ọ̀run tí àwọn ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ ló ti ṣa á. Àwọn ọ̀gá nídìí tẹlisíkóòpù Gemini ní Hawaii wá ya tiwọn láti fi hàn aráyé, orúkọ Kronberger ni wọ́n sì fi ń pe kùrukùru náà.

OJÚ Ọ̀RUN TIWA

Ibi tí Ọlọ́run fi wá sí dára fún iṣẹ́ yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. A súnmọ́ àárín ayé, nítorí náà à ń rí ìràwọ̀ apá àríwá, à ń rí ti apá gúúsù. Ẹ wo kùrukùru tí wọ́n ń pè ní Òrùka Gúúsù. Tẹlisíkóòpù Webb tó wà lójú òfuurufú ya á, wọ́n sì gbé fọ́tò náà jáde ní July 2022, gbogbo ayé ń pariwo. Ẹni tó wà ní London ò lè rí i láéláé láti àgbàlá rẹ̀, kì í yọ lókè níbẹ̀ rárá. Ní Ifo, Ibafo àti Mowe, ó máa ń yọ dáadáa lálẹ́ oṣù March àti April.

A ní ìṣòro tiwa. Ọyẹ́ ń kó eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa láti December sí February. Láti June sí September, ìkuukùu òjò kì í jẹ́ ká gbádùn. Alẹ́ tó dára jù ni èyí tó tẹ̀lé òjò ńlá, tí òjò ti fọ eruku ojú ọ̀run dànù.

Ẹ lè bi mí pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Ẹ wo èédú tí ẹ fi ń dáná. Kábọ́nù tó wà nínú rẹ̀, tó wà nínú epo pupa, tó sì wà nínú ẹran ara wa, inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti sè é. Irú ìràwọ̀ tó ń bọ́ ara sílẹ̀ yìí ló ń tú apá ńlá nínú rẹ̀ padà sí òfuurufú, kó tó di ohun tí wọ́n fi mọ ayé mìíràn. Òmíràn ni kùrukùru Òrùka tí òyìnbó ti mọ̀ láti 1779, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn tó lé ní 2,000 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà bá gbà lónìí ti gbéra ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí àwọn baba wa ní Ifẹ̀ tó da orí idẹ.

Ẹ̀RÙ ÀÌMỌ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àwàdà. Ní 9 January 2001, òjìji ayé bo òṣùpá, òṣùpá sì ṣókùnkùn. Ní Maiduguri, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀ṣẹ̀ aráyé ló fà á. Wọ́n tú jáde, wọ́n ń ba ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì jẹ́. Iṣẹ́ ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ bàjẹ́, òṣùpá sì padà funfun láàárín wákàtí díẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òṣùpá wá bo oòrùn ní 29 March 2006, ìjọba ti kéde ṣáájú kí àyà ará ìlú má baà já. Ohun tí wọ́n bá ti ṣàlàyé kì í dẹ́rù bani mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń wo ìràwọ̀, ẹ má lé e wọlé pẹ̀lú èébú. Ẹ jẹ́ kó fi ojú lásán bẹ̀rẹ̀, kó mọ àgùàlà, kó mọ ìgbà tí oṣù ń lé. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má fi awò kankan wo oòrùn láéláé, nítorí ó lè fọ́ ojú lọ́gán. Ọ̀nà sì wà fún un ní ilẹ̀ wa níbí. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1998. Sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa ní sì ti gòkè láti 27 September 2003.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí bá wù, èmi náà kò jù yín lọ, ẹ gba ìmọ̀ràn mi. Ẹ má dá jáde lóru láìsọ fẹ́nì kan. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá baálẹ̀, ẹ bá alága láńlọ́ọ̀dù, ẹ bá àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ẹ gbé awò yín sí ojú títì ní ìrọ̀lẹ́, bí Dobson ti ṣe, kí gbogbo wọn fi wo òṣùpá, àti ìyá oníbọ̀ọ̀lì, àti àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ wo òṣùpá nínú awò yín kò ní pariwo olè lé yín lórí mọ́.

Bí káfíńtà, onígíláàsì tàbí fọtogíráfà kan bá wà ní àgbègbè wa tó fẹ́ dán an wò, kó kọ lẹ́tà sí wa, kó kọ ọ́ kó ṣeé kà. A ó gbé e sí ojú ìwé lẹ́tà kí àwọn tó kù lè mọ ara wọn. Ẹ óò dá àjọ náà pọ̀ ni. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.